Àkèré Tí Mo Fi Ìbínú Mú

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi kó erùpẹ̀ bò mí. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, tí àwọn ará ilé rí i pé mo dédé fajú ro, wọ́n ti mọ̀ pé ọjọ́ náà ni mo rántí. Kì í ṣe ọjọ́ ikú, kì í ṣe ọjọ́ òfò. Ọ̀rọ̀ àkèré lásán ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ìyà kò tíì jẹ nítorí ẹran tí kò kún ọwọ́ ló máa rò pé eré ni mò ń ṣe.

Abúlé wa kò jìnnà sí Lálúpọn. Bí ẹ bá gun ọ̀kadà, tí ẹ fi ọ̀nà ọlọ́dà sílẹ̀, tí ẹ gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá, adágún omi kan ni ẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí ilé. Ìhín adágún ni ilé tiwa, ọ̀hún ni Ilé Olómi. Àwọn Ilé Olómi ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé nígbà tí baba ńlá wọn ń wá ibi tí yóò tẹ̀dó sí, òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ohùn kọ̀ǹkọ̀ ló gbọ́ nínú igbó, ohùn náà ló tẹ̀ lé títí tó fi bá omi pàdé. Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹkọ̀ ti di èèwọ̀ wọn. Wọn kì í pa á, wọn kì í jẹ ẹ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè é níbi tí òórùn rẹ̀ máa gbé dé imú wọn. Nígbà tí baba tiwa náà wá dé, tó bẹ̀ wọ́n pé òun fẹ́ máa mu nínú omi wọn, wọ́n ní kò burú. Kó máa mu ún, kó máa fi wẹ̀, kó sì máa mú àkèré ibẹ̀ jẹ bó bá wù ú, torí àkèré kì í ṣe èèwọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ ilé wa bá pa kọ̀ǹkọ̀, ọjọ́ náà ni omi tán láàárín wa.

Ẹ óò wá bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ àkèré yàtọ̀ sí kọ̀ǹkọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ni gbogbo ayé mọ̀. Òun ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ, kò sẹ́ni tó máa ṣì í mú. Àwọn méjì tó ń gbé inú omi yìí ni wàhálà. Kọ̀ǹkọ̀ tó ti gbó kò ṣòro: ó tóbi, ó ki, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, bó bá sì dún, ẹ óò rò pé ẹnì kan ń fi igi ha páànù. Àmọ́ kọ̀ǹkọ̀ tí kò tíì gbó àti àkèré tó ti yó dáadáa, àfi kéèyàn fara balẹ̀. Wọ́n jọ tóbi bákan náà, àwọ̀ wọn jọ rí bí ewé gbígbẹ, wọ́n sì jọ mọ fífò. Bàbá mi ló kọ́ mi pé ìlà ẹ̀yìn ni ti àkèré, ìlà orí ni ti kọ̀ǹkọ̀. Ti àkèré, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń ti èjìká rẹ̀ lọ dé ìdí bí aporo oko, ẹnu rẹ̀ á sì ṣe ṣóńṣó. Ti kọ̀ǹkọ̀, ìlà kan tó funfun díẹ̀ á dábùú orí rẹ̀ lẹ́yìn ojú méjèèjì, bí ẹni fi okùn di orí nítorí orí fífọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi ni mo ń fi kọ́ àwọn ọmọ abúlé. Èmi ni wọ́n ń pè bí ìyàn bá dé lórí rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn títí dòní: kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin náà á ti máa gbọ́ ọ nínú ohùn mi pé inú mi kì í pẹ́ bí. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ṣe ní Ìyànà Ọ̀fà títí ara fi ní ó tó, tí mo padà sí oko bàbá mi. Nígbà tí mo ń kan àga, bí ìṣó bá wọ́, mo máa ń bá ìṣó wí kí n tó yọ ọ́. Àwọn ọmọdé ní orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, Bàbá Ata, mo sì mọ gbogbo àwọn tó ń pè é.

Ọdún tí mò ń wí yìí kò tíì pẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà le. Kànga ẹ̀yìnkùlé wa gbẹ débi pé bí ẹ bá ju korobá sínú rẹ̀, ariwo korobá lẹ máa gbọ́, ẹ ò ní gbọ́ ti omi. Ìyàwó mi, Ìyá Bísí, fùfú ló ń ṣe. Ó máa ń kó o lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Olódò. Fùfú kò sì ṣeé ṣe láìsí omi. Omi lẹ máa fi fọ ẹ̀gẹ́, inú omi lẹ máa rẹ ẹ́ sí, omi náà lẹ máa fi sẹ́ ẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Bísí ti jí bẹ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ bí òkè, ó funfun báláú, àwọn àgbá tó máa rẹ ẹ́ sí ti wà nílẹ̀, ó kù kó lọ pọn omi adágún. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ tí kò tíì bọ́ sómi, á ti máa dúdú, ewúrẹ́ ló máa ni ín.

Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kò kún kànga, ilẹ̀ tí òùngbẹ ń gbẹ ló mu gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó tó láti pe àwọn àkèré jáde. Mo gbọ́ ariwo wọn, itọ́ sì kún mi lẹ́nu. Mo gbé korobá tó ní ìdérí, mo wọ bàtà rọ́bà mi, mo mú àwọ̀n, mo lọ.

Bí mo ṣe ti ẹsẹ̀ bọ omi ni omi kún inú bàtà. Ó ti lu níbi àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Inú bí mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí n da omi rẹ̀ nù, ìkejì rì sínú ẹrẹ̀. Mo fà á, bàtà dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló bọ̀. Ẹ̀yin ẹ wo àgbàlagbà tó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró láàárín omi láàárọ̀, tó ń bú bàtà. Gbogbo ohun tí àwọ̀n bá sáà ti gbé, mo ń fi ìbínú gbá a mú, mo ń jù ú sínú korobá tòun ti ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Ṣé mo wo ẹ̀yìn? Ṣé mo wo orí? Ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ibi tí mo ti ń bọ̀ nílé ni mo ti pàdé Omíkúnlé. Ọmọ Ilé Olómi ni, ẹgbẹ́ mi ni, a jọ dàgbà, inú adágún yẹn la ti jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni. Bí mo sì ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ yìí, inú rẹ̀ ń bí mi.

Ó ní, "Bàbá Bísí, o kú àárọ̀ o. Kí lo rí mú?"

Mo ní, "Àkèré ni."

"Jẹ́ n wò ó."

"Kí lo fẹ́ wò lára àkèré?"

"Àkèré náà ni mo fẹ́ wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí àkèré tó wúwo báyìí. Wò ó, èjìká rẹ ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀."

Ká ní mo ṣí korobá náà ni, tí èmi àti ẹ̀ jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a nu ẹrẹ̀ orí wọn, tí mo mú èyí tí kò yẹ padà sómi, ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀, ẹ ì bá sì má rí nǹkan kà. Ṣùgbọ́n bàtà mi kan ṣì wà nínú adágún, ẹsẹ̀ mi kan wà nílẹ̀ lásán, òkúta sì ń gún un. Mo ní, "Omíkúnlé, ṣé kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ọ́ ṣe ni, tó o fi ń yẹ ẹrù wò lọ́nà?"

Ó ní, "Ẹni tí kò ru ẹrù òfin kì í bẹ̀rù kọ́sítọ́ọ̀mù."

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ló ti na ọwọ́ sí ìdérí. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ìdérí yẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ará ibẹ̀ yọ orí síta, ẹrẹ̀ bò ó bí ẹni wọ fìlà. Omíkúnlé dúró, ó tẹjú mọ́ ọn.

Ó ní, "Bàbá Bísí, orí èyí ti fẹ̀ jù fún àkèré o."

Mo ní, "Orí tìẹ ńkọ́?"

Ó kàn wò mí, ó mi orí tí mo bú náà, ó yí padà sí ọ̀nà ilé wọn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yẹn ló bí mi nínú ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó bá ẹ jà kò tíì burú tó ẹni tó wò ẹ́ tó sì lọ.

Mo délé, ìbínú ń ru lórí mi bí èéfín. Ìyá Bísí ti gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó fẹ́ lọ pọnmi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo korobá. Ó ní, "Bàbá Bísí, ṣé ẹ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa?" Mo ní, "Ìwọ náà?" Ó ní òun ò sọ nǹkan kan o, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn náà, ìbínú nìkan ló lè kọ́ èèyàn nírú rẹ̀. Mo ní kí n tètè pa wọ́n, kí n tètè sè wọ́n, kí n fi han Omíkúnlé pé ẹ̀rù ò bà mí. Mo pa wọ́n. Awọ wọn tí ìlà ẹ̀yìn wà, mo bó o jù fún ajá. Orí wọn tí ìlà orí wà, mo gé e jù sínú iná. Mo yan èyí tó kù, mo da ata tí ìyàwó mi lọ̀ sílẹ̀ lé e, mo gbé e kaná. Àfìgbà tó hó tán, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá, ni mo tó rí i pé mo ti fi ọwọ́ ara mi jó ẹlẹ́rìí mi, mo sì ti fún ajá ní ìyókù. Mo wo ajá náà. Ó ń lá ẹnu.

Ìyá Bísí pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ gbẹ. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, kò sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ká ní ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ ni, ì bá sàn fún mi.

Ó ní, "Wọ́n ti fi màrìwò dí ọ̀nà omi."

Bí wọ́n bá so màrìwò dábùú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ ìjọ aládùúrà ni èmi, ipò àgbà ni mo sì wà níbẹ̀, síbẹ̀ mi ò ní fẹsẹ̀ mi kọjá màrìwò.

Mo ní, "Nítorí kí ni?"

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Omíkúnlé ní ẹ pa kọ̀ǹkọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní omi ti tán láàárín wa." Ó wo òkè ẹ̀gẹ́ tó ti bẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì funfun dé igbọ̀nwọ́. Ó ní, "Bàbá Bísí, kí lẹ fẹ́ kí n fi èyí ṣe?"

Ó yẹ kí àánú ṣe mí. Ìbínú ló tún ṣe mí. Mo ní kó má ṣe ìyọnu, pé èmi ni mo mọ àkèré ní gbogbo agbègbè yìí, pé wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn já màrìwò náà, wọ́n á sì tún tọrọ àforíjì. Mo wọlé, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí mò ń wọ̀ lọ sí ìjọ, mo dé fìlà, mo wá sálúbàtà kan wọ̀. Ẹni tó ń lọ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí wúruwùru. Lẹ́yìn náà ni mo fi aṣọ di ìkòkò ọbẹ̀ náà mú, mo gbé e, mo gba ọ̀nà tó yí adágún ká, ó di Ilé Olómi. Ìyá Bísí ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń bi mí pé ibo ni mò ń gbé ìkòkò lọ.

Mo bá Ìyá Àgbà lórí ìjókòó wọn nínú àgbàlá. Àwọn ló bí Omíkúnlé, àwọn sì ni olórí ilé náà. Omíkúnlé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó káwọ́ lẹ́yìn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá, mo gbé ìkòkò kalẹ̀ níwájú wọn, mo ṣí i.

Wọ́n ní, "Bàbá Bísí, kí ló wà nínú ìkòkò?"

Mo ní, "Àkèré ni, Ìyá. Mo ní kí ẹ fi ojú ara yín rí i kí ẹjọ́ lè parí."

Ìyá Àgbà fi ìborùn bo imú. Ohùn wọn kò lọ sókè rárá. Wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ àkèré, o jàre. Bó bá wá jẹ́ kọ̀ǹkọ̀ ńkọ́? Òkú èèyàn wa lo gbé wá kí wa nílé yẹn, pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà."

Ọ̀rọ̀ náà bà mí bí omi tútù. Mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn obìnrin ilé ti ń kó ọmọ wọlé, wọ́n ń fi ọwọ́ bo imú. Ìyàwó mi bo ojú. Mo sáré fẹ́ fi ìdérí bo ìkòkò, ìdérí bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ dé ẹsẹ̀ Omíkúnlé. Ó fò ó dá.

Ó ní, "O tún ń jù ú sí mi ni?"

Mo ní, "Omíkúnlé, bí kì í bá ṣe nítorí ìyá rẹ."

Ìyá Àgbà ní ká dákẹ́. Wọ́n ní ìjà kọ́ làwọn fẹ́. Wọ́n ní bí ọmọ ilé wa bá ṣì kọ̀ǹkọ̀ pa, ohun tí àwọn baba fi sílẹ̀ kò le: ẹni náà á lọ sétí omi, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, ojú ló ṣì mí," àwọn á já màrìwò, ó parí nìyẹn.

Mo ní, "Ta ni màá dọ̀bálẹ̀ fún?"

Wọ́n ní, "Kọ̀ǹkọ̀."

Èmi, tí mo dàgbà tó báyìí, kí n na gbalaja sílẹ̀ fún ohun tí mo lè kó sínú korobá. Gbogbo ara mi gbóná. Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú o, ojú mi ò ṣì mí. Kò sẹ́ni tó mọ àwọn méjèèjì yàtọ̀ tó mi. Ẹ jẹ́ n wọ inú omi nísinsìnyí lójú gbogbo yín, kí n fọwọ́ lásán mú àkèré. Bí ohun tí mo bá mú bá jẹ́ kọ̀ǹkọ̀, ẹ jẹ́ n dọ̀bálẹ̀. Bó bá jẹ́ àkèré, kí ọmọ yín yìí dọ̀bálẹ̀ fún èmi."

Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ yẹn o. Ẹnu ara mi ni mo fi so okùn mọ́ ara mi lọ́rùn. Ìyá Bísí fa aṣọ mi, ó ní, "Ẹ kàn tọrọ àforíjì, ẹ jọ̀ọ́." Mo já aṣọ gbà.

Bí a ṣe dé etí omi, èrò ti pọ̀. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti jáde. Àwọn tó ń lọ sóko dúró, ọlọ́kadà kan tó gbé àpò àgbàdo kọjá pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí àpò. Kọ̀ǹkọ̀ jábele, kálukú ń ṣe bí tiẹ̀: ẹnì kan ní ọ̀tún ni kí n lọ, ẹnì kan ní òsì, ẹnì kan ní kí n kọ́kọ́ bọ́ aṣọ funfun. Mi ò bọ́ ọ. Mo ká ṣòkòtò dé orúnkún, mo wọlé.

Àwọn ẹran náà sì mọ̀ pé ọjọ́ náà kò dáa fún mi. Mo rí ọ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀, ó fò. Mo rí òmíràn, mo na ọwọ́, ewé ni mo gbá mú. Omíkúnlé ń bá mi sọ̀rọ̀ láti etí omi, ó ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. "Rọra, Bàbá Bísí. Má fi ariwo lé wọn. Wọ́n ń gbọ́ ohun tí ò ń sọ." Mo ní kó dákẹ́. Ó ní òun ti dákẹ́. Ojú mi kò rí omi mọ́, kò rí ewé mọ́, àfi ojú Omíkúnlé nìkan. Inú ìyẹn ni nǹkan kan ti fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo ṣubú lé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo mú un.

Mo gbé e sókè gan-an kí gbogbo wọn lè rí i. Ẹrẹ̀ ń kán láti ara rẹ̀ bọ́ sí fìlà mi. Mo ní, "Àkèré rèé. Ẹ wo ìlà ẹ̀yìn rẹ̀." Mo rí ìlà náà o. Mo búra fún yín pé mo rí i. Ipa ìka mi lára ẹrẹ̀ ni.

Ìyá Àgbà ní kí n gbé e súnmọ́. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi, wọ́n rọra dà á sí i lórí bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ẹrẹ̀ ṣàn lọ. Ìlà funfun náà sì wà níbẹ̀ gedegbe, ó dábùú orí rẹ̀ lẹ́yìn ojú méjèèjì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti ya ẹnu. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ló ṣáájú mi sọ̀rọ̀. Ó fẹ ọ̀nà ọ̀fun, ó dún, ó tún dún, ohùn kọ̀ǹkọ̀ gan-an tí kò sẹ́ni tó lè pè é ní nǹkan mìíràn.

Ọlọ́kadà ní, "Ó ti jẹ́wọ́." Ẹ̀rín bẹ́.

Bí ẹ bá rò pé ojú tì mí, ẹ ò tíì mọ̀ mí. Inú ló bí mi. Mo ní Omíkúnlé ló ti lé gbogbo àkèré lọ. Mo ní omi yìí kò mọ́. Mo ní oòrùn ló gba ojú mi. Mo ní mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n gbé omi wọn, màá gbẹ́ kànga títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ ayé. Mo yí ẹ̀yìn sí wọn láti jáde nínú omi, mo gbé ẹsẹ̀ ìbínú kan, ẹrẹ̀ fà á lọ, mo sì na gbalaja sí etí omi, àyà mi nílẹ̀, àgbọ̀n mi nínú ẹrẹ̀, aṣọ funfun mi di ohun tí mi ò lè sọ. Kọ̀ǹkọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sá. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó síwájú mi gan-an, ó ń wò mí.

Mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà lókè orí mi. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ó ti dọ̀bálẹ̀. Ẹ já màrìwò."

Èèyàn tó gbọ́n á dákẹ́. Mo gbé orí sókè, mo tu ẹrẹ̀ dànù lẹ́nu, mo ní, "Mi ò dọ̀bálẹ̀ o. Ilẹ̀ ló yọ̀."

Wọ́n ní, "Ó ní òun ò dọ̀bálẹ̀. Ẹ fi màrìwò sílẹ̀."

Ìgbà náà ni Ìyá Bísí sọ̀kalẹ̀ wá sétí omi. Ó ní, "Bàbá Bísí, ẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀."

Mo ní, "Ìyá Bísí, ilẹ̀ ló..."

Ó ní, "Mo ní kí ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ̀gẹ́ mi ti ń dúdú."

Kò pariwo. Mo wo ojú rẹ̀ láti ibi tí mo wà nílẹ̀. Kò bínú, mo lè fara da ìbínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Láti ìdájí ló ti wà lórí ìjókòó tó ń bẹ ẹ̀gẹ́, mo sì ti fi gbogbo ọjọ́ náà gbèjà ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbà lọ́wọ́ mi. Mo dá orí mi padà sínú ẹrẹ̀. Mo wo kọ̀ǹkọ̀ lójú, mo ní, "Ẹ má bínú, ojú ló ṣì mí."

Omíkúnlé ní, "Kò gbọ́. Wí i sókè."

Mo tún un wí sókè. Bí mo ṣe ń wí i ni mo ń payín keke. Wọ́n já màrìwò, Ìyá Bísí sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi. Kò ní kí n dìde. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bọ́ sómi kí ó tó bàjẹ́, ó sì kó fùfú rẹ̀ lọ sí Olódò bó ṣe yẹ. Ní tèmi, wọ́n ní ìkòkò tí mo gbé wá kò gbọdọ̀ padà sílé pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, pé kí n lọ sin ín. Omíkúnlé ló yá mi ní ọkọ́. Ó dúró tì mí, ó ní kò tíì jìn tó. Mo gbẹ́ ẹ sí i.

Gbogbo wa la mọ òwe ìbínú àti sùúrù, wọ́n ti fi wẹ etí mi láti kékeré, kò ṣiṣẹ́ lára mi. Ohun tí mo rí kọ́ fúnra mi nínú ẹrẹ̀ ọjọ́ náà ni pé ìbínú kì í gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ó kàn máa ń dúró síwájú rẹ̀ ni, tí ẹ ò fi ní rí i. Gbogbo ohun tí bàbá mi kọ́ mi wà lórí mi nígbà tí mo gbé kọ̀ǹkọ̀ sókè tí mo pè é ní àkèré.

Èmi àti Omíkúnlé ṣì ń ṣọ̀rẹ́. Inú mi ṣì ń bí sí i. Bí òjò bá rọ̀ tán báyìí, tí àwọn ará inú adágún gbé ohùn sókè, Ìyá Bísí á yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, "Bàbá Bísí, wọ́n ń bèèrè yín o." Inú á kọ́kọ́ bí mi. Màá fajú ro, màá ní kó fi mí sílẹ̀. Bó bá ti wọlé tán, màá wo ọ̀tún, màá wo òsì, màá ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ẹ̀rín á sì pa mí débi tí egungun ìhà á fi máa dùn mí.